Òkè Tí Kì Í Ṣe Òkè Oníná: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Ìgbayè, Ìkìrun àti Agbègbè Odò Ọ̀tìn

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Òṣogbo tó ń lọ sí Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun, yóò kan Inísà, yóò sì dé Òkukù, níbi tí ẹni tó ń lọ sí Ìgbayè ti lè wọ ọkọ̀ mìíràn tàbí kó gun ọ̀kadà. Kó tó dé Inísà ni ojú àlejò yóò ti kún fún òkè. Àpáta kan á yọ orí lẹ́yìn ilé, á ga ju òrùlé lọ. Òmíràn á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, débi pé orí rẹ̀ làwọn obìnrin ń sá láfún sí. Ohun tó sábà máa ń sọ sí ọkàn ẹni tó ti wo fíìmù òkè ayọnáyèéfín ni pé iná abẹ́ ilẹ̀ ló pọ àwọn wọ̀nyí síta láyé ọjọ́un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta agbègbè yìí kò ti ẹnu òkè oníná kankan jáde. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì, ibẹ̀ ló sì tutù sí, kí òjò àti oòrùn tó hú ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò. Àlejò tó bá gbé èrò òkè oníná lọ síbẹ̀ yóò máa wá ihò tó ń rú èéfín, kò ní rí i, yóò sì rò pé òun rin ìrìn òfo. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àpáta náà ṣe dé ibẹ̀ gan-an yóò mọ ohun tó yẹ kó wò, àti ibi tó yẹ kó ti wò ó.

Ibi tí òkè oníná wà kò fara sin. Òkè Kamẹrúùnù ga ju 4,000 mítà lọ. Ó tú iná ní 1999, ó tún tú u ní 2000. Bí èèyàn bá lè fò ní tààrà láti Ìgbayè dé ibẹ̀, yóò fò ju 600 kìlómítà lọ. Ní Nàìjíríà tiwa, orí ilẹ̀ gíga Biu ní ìpínlẹ̀ Borno àti ní apá kan ilẹ̀ gíga Jos, ní Panyam àti Kerang, la ti ń rí òkè oníná tó ti kú. Òkúta ibẹ̀ dúdú, ó sì máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbà jáde nígbà tó ṣì ń yọ́. Ní Kamẹrúùnù kan náà, adágún Nyos tó wà nínú ihò òkè oníná tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde lóru ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, ó sì pa èèyàn tó ju 1,700 lọ lójú oorun. Àwọn ará Ìkìrun àti Ìràgbìjí ń sùn lẹ́sẹ̀ òkè láti ìrandíran láìsí irú ìbẹ̀rù yìí. Kì í ṣe pé orí kó wọn yọ. Irú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ló yàtọ̀. Ilẹ̀ àtijọ́ ni, ó ti dì, ó ti le, iná tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ sì ti kú kí ẹja kankan tó wà nínú òkun.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán, ẹ̀rí wà nínú òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, kì í ṣe èyí tí òjò ti pa láwọ̀ dà. Ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ti la àpáta kọjá dára fún èyí. Ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Irú hóró mẹ́ta ni yóò hàn. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ojú rẹ̀ tẹ́, tó ń kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí oòrùn bá ti kàn án, feldspar ni. Èyí tó mọ́ gaara tí kò ní ojú kan pàtó, quartz ni. Dúdú tó ń dán, tí èékánná lè ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mica nìyẹn. Ojú lásán lè rí gbogbo wọn. Granite ni wọ́n ń pe òkúta tí irú hóró mẹ́ta yìí para pọ̀ jẹ́, àwọn granite kan sì wà tí hóró feldspar inú wọn gùn tó oríkèé ìka. Ẹni tó ti bá wọn ṣe òrí rí mọ̀ pé òrí tí wọ́n fi sílẹ̀ kó rọra tutù ló máa ń di hóró-hóró, tí èyí tí wọ́n tètè mú tutù á sì jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta tó ti yọ́ ṣe ń ṣe. Èyí tí òkè oníná pọ̀ síta á bá atẹ́gùn pàdé, á dì kíákíá, hóró inú rẹ̀ á kéré débi pé ojú ò ní rí i. Èyí tó dì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ tó nípọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà ti bò ó tí kò fi lè tètè tutù, ni hóró rẹ̀ ráyè dàgbà. Nítorí náà, gbogbo hóró tó bá tóbi lára àpáta Ìkìrun jẹ́ ẹ̀rí pé àpáta náà kò rí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ nígbà tó ń dì.

Àwọn àpáta kan kò ní hóró tó tò báyìí. Ìlà dúdú àti funfun ló tẹ̀ lé ara wọn, tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, tó tún ká po níbòmíràn. Gneiss ni wọ́n ń pè é. Ó ti wà gẹ́gẹ́ bí òkúta mìíràn tẹ́lẹ̀, kí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ tó yí i padà. Nínú irú rẹ̀ tó wà nílẹ̀ Yorùbá, a rí èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ granite wa jẹ́ nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Àlejò lè fojú ara rẹ̀ rí èwo ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá ibi tí ọ̀já granite tó mọ́ lára ti gé àwọn ìlà gneiss kọjá. Èyí tó gé èkejì ló dé lẹ́yìn. Lójú tèmi, ìdajì wákàtí níwájú irú àpáta bẹ́ẹ̀ níye lórí ju kí èèyàn sáré gun òkè mẹ́ta lóòjọ́ kó lè ya fọ́tò.

Ẹnìkan lè ní: bí nísàlẹ̀ ló ti dì, báwo ló ṣe dé òkè? Òjò, odò àti ọdún tí kò lóǹkà ló gbé ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Ibi tí òkúta ti là púpọ̀ ni omi ti wọlé tó sì sọ ọ́ di ilẹ̀. Ibi tí kò ti là ló kù tó dúró gbọin. Bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ sì ti ń fúyẹ́, àpáta náà ń gbòòrò síta díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ sì ń bó ní pẹpẹ. Ẹ fẹ̀yìn èékánná tàbí òkúta kékeré kan lu irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́: èyí tó ti ṣí nísàlẹ̀ á dún gbọ̀ngbọ̀n, èyí tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara àpáta á dún kò. Ìmọ̀ yìí wúlò fún ẹsẹ̀ yín náà, torí pé pẹpẹ tó dún gbọ̀ngbọ̀n létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí.

Àwọn tí kò gbà pé kò sí òkè oníná níbí ní ẹ̀rí mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń mú wá, kò sì sí èyí tó yẹ ká fojú tín-ín-rín nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni òkúta pupa dúdú tó kún fún ihò, tó dà bí ohun tó jóná. Púpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju yangí lọ: irin tó wà nínú ilẹ̀ ni òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ dì pọ̀, iná ò kàn án. Òmíràn jóná lóòótọ́, ó wúwo, ó ń dán níbi tó ti fọ́. Ìdàrọ́ nìyẹn, ìdọ̀tí irin tí àwọn baba wa yọ́ nínú iléru. Ẹni tó bá rí ìdàrọ́, kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà, nítorí ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló rí, ibi tó sì wà jẹ́ apá kan ìtàn náà. Ẹ̀rí kejì ni ilẹ̀ tó ń mì, bó ṣe mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984. Àmọ́ ilẹ̀ kò nílò òkè oníná kó tó mì. Àwọn ojú ìlà àtijọ́ tí àpáta ti fọ́ sí wà nílẹ̀ wa, ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa gba ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀wàrà kọjá, ìsún díẹ̀ lára irú wọn sì tó láti mi ilé.

Ẹ̀rí kẹta ló lágbára jù: omi gbígbóná Ìkògòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Bí iná ò bá sí nísàlẹ̀, kí ló ń sè é? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń sè é. Àwọn tó wọn omi náà rí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 tàbí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ìgbóná ara ènìyàn, nígbà tí omi tó wà lẹ́bàá òkè oníná lè gbóná débi tí yóò fi hó. Bí èèyàn bá ṣe ń wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, níbi gbogbo láyé, ì báà jẹ́ Ìgbayè tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Òkè tó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí wọ́n ń pe òkúta rẹ̀ ní quartzite, ti là wẹ́wẹ́. Òjò ń gba ojú ìlà wọ̀nyí lọ sísàlẹ̀ jìnnà, ó ń gba ooru ilẹ̀ sára, ó sì ń gba ojú ìlà mìíràn gòkè kó tó ráyè tutù. Ohun kan wà tó yẹ kí n fi kún un kí ọ̀rọ̀ lè pé. Ní agbègbè Iléṣà àti Ifẹ̀, òkúta dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní amphibolite, tí àwọn onímọ̀ gbà pé òkúta yíyọ́ òkè oníná ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ilẹ̀ tó sè é tó sì tẹ̀ ẹ́ di nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ń wá iná nílẹ̀ Ọ̀ṣun ní dandan, ibẹ̀ ló kù sí. Iná náà ti kú kí granite Ìkìrun tó dì.

Ìgbayè dára láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà, torí pé ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ló wà, odò Ọ̀tìn ló sì ń sọ ohun tí àpáta ń ṣe. Abẹ́ ilẹ̀ ibí yìí le, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò nípọn níbi púpọ̀, nítorí náà òjò kì í ráyè rì lọ jìnnà; odò á kún kíákíá, á sì fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n ṣáájú ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun, odò Ọ̀tìn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá bá lọ, ìyẹn la fi ń pè é ní Ogun Jálumi. Ìparí òjò ni àkókò yẹn. Àlejò tó bá dé lóṣù Kejì tó rí bí odò náà ṣe rí lè ṣiyèméjì pé ó lè gbé ọmọ ogun lọ. Kó padà wá lóṣù Kẹwàá. Abẹ́ ilẹ̀ tó le yìí kan náà ló fà á tí wọ́n fi sé odò Ọ̀tìn ní Èkó-Endé, torí kànga nìkan ò lè bọ́ àwọn ìlú wọ̀nyí. Ẹ wò ó láti bèbè, ẹ má wẹ̀ nínú omi tó dúró. Ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń gbé àtọ̀sí ajá.

Láti Ìkìrun, Ìràgbìjí kò jìnnà, Ọ̀tan Ayégbajú àti Igbájọ sì wà níwájú, ìlú òkè ni gbogbo wọn. Ẹ gun òkè ní òwúrọ̀, kí àpáta tó gbóná, pẹ̀lú bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, omi tó pọ̀ àti owó lọ́wọ́. Ẹ má gun un lẹ́yìn òjò, àwọ̀ dúdú tó ń hù lára òkúta a máa yọ̀. Oṣù Kọkànlá ló dára jù, òjò ti dá, ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nígbà tó lágbára, kó yí ètò náà padà, kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá. Lórí òkè quartzite kan náà tó bí Ìkògòsì ni omi yìí ti ń já ní ìpele méje.

Wọ́n lè bi mí pé kí ló dé tí àlejò kò fi lọ sí àpáta Olúmọ, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó lè gbé èèyàn gòkè, tàbí òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn wà. Kó lọ, ó yẹ ní rírí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ló ń sọ ibi tí èèyàn yóò wò. Ní agbègbè Ọ̀tìn, àpáta wà láàárín oko, ọjà àti ilé, àlejò á sì rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá a gbé: ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan tí ojú òkúta fi jin, ibi tí wọ́n ti ń sá ẹ̀lùbọ́, ibi tí oko tẹ̀ sí nítorí pé ọkọ́ kò wọlẹ̀. Àìsí ẹ̀ṣọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì ni àléébù rẹ̀, àléébù náà sì tóbi. Nítorí ìdí èyí, ẹ má gun òkè kankan láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ dé ààfin tàbí ilé baálẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá àti ohun tí ẹ fẹ́ wò, kí ẹ sì tọrọ ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà. Àwọn òkè kan ní ojúbọ, àwọn ibì kan ní Ọ̀tìn náà ní àkókò tí àjèjì kì í dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó di ọ̀la, ó di ọ̀la nìyẹn. Ẹ má gé òkúta lára àpáta, ẹ mú èyí tó ti já bọ́ sílẹ̀. Kí ẹ sì fún ẹni tó mú yín lọ lówó tó tó iṣẹ́ ọjọ́ kan lóko, nítorí oko ló fi sílẹ̀ kó tó bá yín gòkè.