Ibà Kọ́ Ló Jáde Sí Wa Lẹ́nu

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ìléròrò tó máa ń yọ sí ètè lẹ́yìn àìsàn. Ní Ẹ̀rìn-Ilé níbí, a máa ń sọ pé ibà ló jáde síni lẹ́nu, ọ̀pọ̀ á sì tún lọ ra oògùn ibà kún èyí tó ti lò.

Kì í ṣe ibà. Kòkòrò àìfojúrí kan ni, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní herpes. Láti kékeré lọ̀pọ̀ wa ti kó o, kì í sì í kúrò lára mọ́. Àìsàn ìtìjú kọ́.

Inú sẹ́ẹ̀lì iṣan nítòsí etí ló ń sùn sí. (Sẹ́ẹ̀lì ni ohun kéékèèké tí Ọlọ́run fi kọ́ ara, bíi búlọ́ọ̀kù lára ilé.) Tí ibà, oòrùn gangan tàbí àárẹ̀ bá ni ara lára, sẹ́ẹ̀lì á figbe ta kó lè gba ara rẹ̀ là. Ṣé ẹ mọ fèrè tí ọdẹ ọjà ń fọn? Olè tó sá pamọ́ sínú ìsọ̀ náà gbọ́ ọ. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì North Carolina, l'Amẹ́ríkà, fi sẹ́ẹ̀lì iṣan eku wádìí ẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ JNK ló ń gbé igbe náà kiri. Nígbà tí wọ́n dí i lọ́wọ́, fáírọ́ọ̀sì ò jí. Á jẹ́ pé igbe tí sẹ́ẹ̀lì ń ké gan-an ni kòkòrò yìí ń dúró dè. Ọgbọ́n burúkú! Tó bá ti jí, á pọ̀ sí i, á gba ojú iṣan wá sí ètè.

Ibà lè jí i, ṣùgbọ́n oògùn ibà ò lè pa á. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún ra òmíràn. Egbò náà sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ti ọmọ ìkókó ló ká wa lára jù. Ara rẹ̀ ò tíì lè bá kòkòrò yìí jà. Ó lè wọ ọpọlọ rẹ̀, ó lè pa á. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹni tí egbò bá wà lẹ́nu rẹ̀ kó má fẹnu ko ọmọ o. Àwọn ìyá ọkọ kì í fẹ́ gbọ́ irú èyí, àmọ́ a ní láti sọ ọ́. Ìyá ọmọ tó ní in lẹ́nu lè fún un lọ́mú, tí egbò ò bá ti sí lára ọyàn; kó ṣáà fi ọṣẹ fọwọ́. Tí ara ìkókó bá gbóná, tàbí tí kò mú ọyàn mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà.