Tundra ni àbí Hilux?

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, mo sì ní ọmọ mẹ́ta. Mo ń wá ọkọ̀ tí yóò máa kó kòkó jáde lóko, tí yóò tún máa gbé wa lọ sí Iléṣà. Wọ́n fi Toyota Tundra tòkúnbọ̀ kan lọ̀ mí. Ṣé kí n rà á, àbí kí n ra Hilux?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko. Tundra gbayì lóòótọ́, àwọn ọmọ á sì rí ẹsẹ̀ nà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó kọ́ ló ṣe ń gbẹ́rù tó. Nǹkan bí àpò kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin lè gbé ohun tó sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ Tundra ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 5.7 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Tundra á sì máa mu epo ju ti Hilux onílítà 2.7 lọ dáadáa. Fífẹ̀ ọ̀pọ̀ Tundra lé ní mítà méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà oko ìdí òkè kì í fẹ̀.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára Tundra náà, kí mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀, kó fi òòlù kan ṣáásí. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín lókè òkun máa ń jẹ irin: ní 2009, Toyota pe Tundra ọdún 2000 sí 2003 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ìpẹtà ṣáásí.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni kí ẹ rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó àwọn ọmọ jókòó sórí àpò kòkó lẹ́yìn ọkọ̀.