Ohun Tí Olórí Fẹ́ràn

Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

A gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Olúwa á tì ọ́ lẹ́yìn.

Mo ti ka ìwé tí o kọ nípa ara rẹ fún àwọn tó fẹ́ fún yín lówó. Òtítọ́, ìfarajìn, àkóyawọ́. Ta ni kò lè kọ ìyẹn? Ẹni tó kó owó ìlú jẹ náà ń kọ ọ́. N kò rí i níbẹ̀ pé ò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí pé ọwọ́ rẹ kì í kúrò nínú ọ̀gbìn. Kọ wọ́n síbẹ̀. Ohun tí olórí bá fẹ́ràn ni owó ẹgbẹ́ máa ń tọ̀ lọ, bí kò tilẹ̀ jalè.

Mo bá alága ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí tó fẹ́ràn òde bí ẹní máa kú. Kò mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí a dáwó páànù kíláàsì méjì, ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀. Kánópì, onílù, aṣọ ẹgbẹ́, ìrẹsì nínú kúlà. Òjò dé, páànù kò dé. Ìwé ìṣirò owó mọ́ tónítóní, risíìtì pé, àwọn ọmọ sì ń gbé bẹ́ǹṣì kúrò lójú òjò.

Ṣùgbọ́n wo olùkọ́ nì, Tai Solarin. Ní 1956 ló fi Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, tí òun àti Sheila aya rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó gbà pé kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dáko, wọ́n sì ń kọ́lé pẹ̀lú. Òun náà, ṣòkòtò péńpé àti fìlà ló sábà máa ń wọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọ̀nà èmi àti tirẹ̀ jìn síra. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní láti béèrè ohun tí ọkùnrin yẹn gbà gbọ́. O kàn máa wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, wàá sì rí i.

Má gbàgbé pé owó àwọn ará ìlú ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, Offa Descriptive Union, fi dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Iyán inú ìkòkò ara wọn ni àwọn ará ìlú bù síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tó wà lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, má ṣe nìkan fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Bí àbúrò ọkọ rẹ bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ ta aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún yín, sọ ọ́ nípàdé kí wọ́n tó dá iye, kí o sì bọ́ síta títí wọ́n á fi pinnu. Wọ́n lè ní o le jù. Jẹ́ kí wọ́n wí.

Sì má pa ọ̀gbìn rẹ tì nítorí ìpàdé. Ẹni tí iṣẹ́ àánú bá ti gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀ tán máa ń bínú sí àwọn tó ń ràn lọ́wọ́. Mo ti rí i.

Tún ìwé náà kọ. Fún ìyá rẹ kà kí o tó fi ránṣẹ́, kó bá ọ yọ gbogbo ibi tí kò bá ti dá ọ mọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.