Abẹ́rẹ́ Inú-Oríkèé fún Ìrora Àtàǹpàkò

Oríkèé tí ó wà ní ìdí àtàǹpàkò, lẹ́bàá ọrùn-ọwọ́, a máa jẹ bí ọjọ́ orí bá ti ń ga. Làkúrègbé ni a sábà ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ náà gbòòrò jù. ‘Oríkèé jíjẹ’ ṣe rẹ́gí jù ú lọ. Ní 1951, Joseph Hollander ròyìn fífi oògùn haidirokọ́tísónù sínú oríkèé ní Amẹ́ríkà. ‘Abẹ́rẹ́ inú-oríkèé’ ni ó yẹ ìtọ́jú yìí. ‘Abẹ́rẹ́ oríkèé’ lásán lè jẹ́ ti ẹran ara ìtòsí. Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni ewu wà nínú rẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ náà ‘ń wo àrùn sàn’ ti ṣi aláìsàn lọ́nà: ìrora ni ó lè dín kù fún ìgbà díẹ̀, ohun tí ó ti jẹ kò ní tipa rẹ̀ hù padà. ‘Mú ìrora rọlẹ̀’ ni kí ó kọ.