Bí Iná Mànàmáná Ṣe Ń Fi Irú Ẹ̀jẹ̀ Hàn

Ní ayé àtijọ́, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn ṣáá, tí egungun ń ro ó, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọn a ní àbíkú ni. Wọn a sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Dúrósinmí. Lónìí a mọ̀ pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó ń ṣe àwọn mìíràn nínú wọn. Láti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni ó ti ń wá. Báwo ni a ṣe lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní? Ẹ jẹ́ kí a kà á.

Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀

Hóró pupa kéékèèké kún inú ẹ̀jẹ̀. Ojú lásán kò lè rí wọn. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan ni èròjà pupa kan wà tí ó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara. Èyí tí ó dára ni a ń pè ní A. Èyí tí ó ń fa àìsàn ni S. Bí S bá ti já atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀, a máa lẹ̀ mọ́ra wọn, bí ògì gbígbóná ṣe ń dì di ẹ̀kọ. Hóró náà yóò wá tẹ̀ bí dòjé, yóò sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Iṣẹ́ tí iná ń ṣe

Pupa ni A, pupa ni S. Ta ni yóò yà wọ́n? Iná mànàmáná ni. Wọn á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọn á fọ́ hóró rẹ̀, wọn á kán an sí orí bébà kan tí a ti fi omi oògùn rẹ. Wọn á wá fi iná sí etí bébà náà méjèèjì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní orí méjì: ọ̀kan +, èkejì −. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà yìí. Nínú omi oògùn náà, agbára iná díẹ̀ wà lára èròjà pupa yìí, irú ti −. Irú kan náà a máa lé ara wọn. Irú tí ó yàtọ̀ a máa fa ara wọn. Nítorí náà ni gbogbo wọn ṣe ń lọ sí etí +. Ṣùgbọ́n agbára ara A ju ti S lọ. A ń yára, S ń rọra bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wo ènìyàn méjì tí wọ́n jọ gbéra ní Ọjà'ba, tí wọ́n ń gun òkè Mápó. Èjìká wọn kan ara wọn ní ìsàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá yá jù, kí wọ́n tó dé òkè, wọ́n á ti jìnnà síra wọn.

Bí ó bá ṣe díẹ̀, wọn á pa iná, wọn á wo bébà. Ìlà kan tí ó lọ jìnnà: AA. Ìlà kan tí ó kù lẹ́yìn: SS. Ìlà méjì: AS. C náà wà láàrin àwa Yorùbá. Ó tilẹ̀ ń lọ́ra ju S lọ. Ẹni tí ó bá ní S àti C pọ̀ lè ṣàìsàn pẹ̀lú. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi iná hàn pé A àti S yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó

Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í sábà ṣàìsàn, nítorí náà ó lè má mọ̀. Bí ọmọkùnrin Bẹyẹrúnkà tí ó jẹ́ AS bá fẹ́ ọmọbìnrin Bẹẹrẹ tí ó jẹ́ AS ńkọ́? Nínú ọ̀nà 4 tí ẹ̀jẹ̀ lè gbà pàdé, 1 ni AA, 2 ni AS, 1 ni SS. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọmọ kẹrin nìkan ni kí a bẹ̀rù o. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewu tirẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ìdána, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ńlá, bí UCH tí a ṣí ní 1957. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láìpẹ́, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ó lè yí èsì padà. Òkèèrè ni olójú-jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Bí ọmọ bá sì ti ní àìsàn yìí, ẹ má ṣe kọ ọ́ lára, ẹ má ṣe pè é ní àbíkú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Pẹ̀lú ìtọ́jú, ó lè dàgbà.

Ìbéèrè

1. Èwo ni ó ń yára jù lórí bébà, A tàbí S? Kí ló dé?
2. Ìlà mélòó ni ẹni tí ó jẹ́ AS ní?
3. Kí ni ó yẹ kí a ṣe kí a tó ṣe ìdána?