Tí èéfín bá pa panápaná, ta ló máa jẹ́rìí?

Tẹ́lẹ̀, èmi rò pé ọwọ́ iná nìkan ni panápaná ń bẹ̀rù. Ìgbà tí mo kàwé nípa iṣẹ́ wọn ni mo tó mọ̀ pé èéfín gan-an lọ̀tá. Iná á jóni lójú ẹsẹ̀. Èéfín á wọra, á sì dákẹ́.

Kí ló wà nínú èéfín yẹn? Tí ilé bá ń jó, fóòmù, ike, kápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dà náà ń jó. Benzene máa ń wà nínú èéfín wọn. Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́, asbestos lè wà nínú eruku rẹ̀. Lọ́dún 2022, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi iṣẹ́ panápaná sí ìsọ̀rí kìíní: àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ àti mesothelioma, tó sábà máa ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ kì í sọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Tí panápaná bá kú, tí ìyàwó ẹ̀ lọ béèrè owó tó tọ́ sí ìdílé, wọ́n lè bi í pé: "Iná wo gan-an ló fà á?" Ta ló fẹ́ mọ̀yẹn?

Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi ṣòfin lọ́dún 1982. Bí òfin náà ṣe wà lónìí, tí ẹ̀rí bá ti wà pé panápaná bá ohun tó ń fa jẹjẹrẹ pàdé lẹ́nu iṣẹ́, òfin á gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Agbanisíṣẹ́ tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni kó mú ẹ̀rí wá.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní aago. Lẹ́yìn tí èèyàn bá fiṣẹ́ sílẹ̀, oṣù 3 ló ń fún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́, kò sì ní ju oṣù 120 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ọdún 20 á rí oṣù 60, ìyẹn ọdún 5 péré. Mesothelioma ńkọ́? Ó lè lo ọdún 20 sí 40 kó tó fara hàn. Tó bá wá dé lẹ́yìn tí aago ti dúró, ẹrù ẹ̀rí á padà sórí ìdílé.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé ibì kan ń ṣòfin fún panápaná, ẹ má béèrè iye owó nìkan. Ẹ béèrè pé: ta ló máa ru ẹrù ẹ̀rí, títí dìgbà wo?