Ọmọbìnrin Ìgangan àti Iṣẹ́ Ìdáàbòbò Ẹranko Igbó

Láàárín àwọn Yorùbá, ọ̀rọ̀ igbó àti ẹranko inú rẹ̀ dà bí ohun tó jẹ́ ti ọkùnrin pátápátá. Ọdẹ ló ń fi òru ṣe ọ̀sán nínú igbó. Òun ló ń sun ìjálá, òun náà ló ń ki erin, ẹfọ̀n àti ìgalà. Níbi tí èrò yìí bá ti fìdí múlẹ̀, ó ṣòro kí ọmọbìnrin tó sọ pé iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹranko igbó ló wu òun.

Bẹ́ẹ̀, bí ọdẹ bá ti gbé ẹran délé tán, ọwọ́ obìnrin ló ń bọ́ sí. Obìnrin ló ń yan án, òun ló ń gbé e lọ sọ́jà. Ní ìlú bí Ìgangan, ní Àríwá Ìbàràpá, ọmọbìnrin tó bá ń jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ ẹran ìgbẹ́ yóò mọ awọ ẹtu yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín. Yóò mọ àsìkò tí ọ̀yà máa ń pọ̀. Yóò sì tètè fura bí irú ẹran kan kò bá wá sórí àtẹ mọ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà a máa lọ jókòó sí irú ọjà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ka ohun tó ń wọlé, kí wọ́n lè mọ bí igbó ṣe ń ṣófo sí. Ohun tí à ń pè ní ìwádìí lọ́wọ́ tiwọn, iṣẹ́ tí ìyá rán ọmọ là ń pè é lọ́wọ́ ọmọbìnrin.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 ka pípa àti títà àwọn ẹranko kan léèwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó bá gba iṣẹ́ yìí lè rí i pé àtijẹ ìyá òun gan-an ni ìmọ̀ òun ń bá wí. Ẹni tó bá ní kí ìyá kó àtẹ rẹ̀ nílẹ̀ láìfi òmíràn rọ́pò, ọ̀rọ̀ òfo ló ń sọ. Àǹfààní kan ni pé bí a ṣe ń sin ọ̀yà àti ìgbín nílé wà lára ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń kọ́ni.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Àwọn kan wà tó ń ka ipasẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹranko, àwọn kan ń wo aláàárẹ̀ nínú wọn sàn, àwọn mìíràn ń bá ará abúlé sọ̀rọ̀. Ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 ní agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí yóò mú àlejò yí i ká ní láti gbọ́ ìtàn àti oríkì. Obìnrin ni Rachel Ikemeh, tó gba ẹ̀bùn Whitley ní 2020 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìnàkí ní ìhà gúúsù Nàìjíríà.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe àìmọ̀kan. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Òbí tó rí èyí, tó wá ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ wọgbó, kò yẹ kí olùkọ́ bá a jiyàn. Ọjà, yàrá ìwádìí àti kíláàsì wà níbi tí iṣẹ́ náà ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó máa ń tètè tì ni ti SS1. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá yọ lára àwọn tó ń ṣe bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti ìṣirò níbẹ̀ yóò ṣòro fún láti wọ ẹ̀ka ẹranko igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní ti àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó sún mọ́ Ìbàràpá. Olùkọ́ Yorùbá ní ipa tirẹ̀ nínú èyí kí ọjọ́ náà tó dé. Ní JSS3, ó lè fún àwọn ọmọ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún sáà kan: orúkọ ẹran tó wá sọ́jà, oṣù tó wá, apá ibi tí ọdẹ ti rí i, àti oríkì tí àwọn àgbà ń fi kì í. Kí ó fà á lé olùkọ́ bàọ́lọ́jì lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó kọ ọ́.